Dírọ́ọ̀ Ìkẹyìn nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Maslikah

Wigati, ọmọ mi, ó di ẹgbẹ̀rún ọjọ́ ó dín mẹ́wàá lónìí tí ìyá rẹ ti kú, ó sì di ẹgbẹ̀rún ọjọ́ ó dín méjìdínlógún tí o ti gbé báàgì rẹ jáde nílé yìí láìbojú wẹ̀yìn. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni mo kọ sí ọ ní ìlú Balikpapan. Kò sí èyí tó padà wá, kò sì sí èyí tí o fèsì sí. Olùkọ́ Suwarjo ló sọ fún mi pé èèyàn lè kọ̀ láti ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá há ilé fún gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé ìhágún kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti èyí.

Èmi, Karsono Martodiwiryo, agbẹ́gi ní abúlé Sumberjati lẹ́bàá Jepara, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ojú mi ṣì ń rí ipa igi láìsí dígí. Èémí nìkan ni kò tó mi mọ́, nítorí ekuru igi tí mo ti ń fà símú láti kékeré. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, n kò sì kọ irú ìwé báyìí rí.

Nínú àwọn káàdì tí ìyá rẹ ń kọ orírun ọ̀rọ̀ sí, tó kún dírọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ọ̀kan wà lórí ọ̀rọ̀ tí à ń pe irú ìwé yìí níbí, wasiat. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú èdè kéwú ló ti wá, àti pé ìmọ̀ràn tó wúwo bí àṣẹ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ilé àti ilẹ̀ nìkan. N kò ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ fún ọ. Ìmọ̀ràn náà kò sí lẹ́nu mi. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni ohun tí mo rí.

1. Olùkọ́ Suwarjo, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa kó tó fẹ̀yìn tì, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Kí ó má ṣe gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti yí ohunkóhun padà.

N kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sarinten. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìjà ló fà á. Olùkọ́ ní ẹni tó bá máa jẹ ogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí ni mo sì fẹ́ kí ó ṣe. Ìdí rẹ̀ wà ní ẹ̀ka kẹfà.

2. Ilé tí mo ń gbé, pẹ̀lú kànga ẹ̀yìnkùlé àti igi máńgòrò méjèèjì, mo há a fún Wigati, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí.

Wigati, òrùlé ti ń jò lókè yàrá tí ìyá rẹ fi ń ṣiṣẹ́. Mo ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lábẹ́ ibẹ̀. Inú yàrá yẹn ni a wà nínú oṣù kejì ọdún 1995, nígbà tí a ti ilé ìwòsàn Semarang dé. Dókítà ti ní ọkàn ìyá rẹ ti ń wú, pé kí a má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí kí a tó gbé e padà wá fún ìtọ́jú. O pè láti Balikpapan sí ọ́fíìsì baálẹ̀, wọ́n sì sáré wá pè mí. O ní, “Bàbá, nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ gbé e lọ lónìí! Ẹ má bi í léèrè, ẹ gbé e!” Mo ní mo ti gbọ́. Mo padà sílé, mo sì bi í léèrè. Ó ní, “Bàbá Wigati, ó ku dírọ́ọ̀ kan. Ọkàn ò lè sáré ju kálàmù mi lọ.” Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń pọnmi, tí mò ń gé káàdì, tí mò ń po tàdáwà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ó fi orí lé tábìlì bí ẹni tó rẹ̀. Mo fi aṣọ bò ó léjìká. Mo rò pé oorun ni.

Ohun tí o sọ nípa mi níbi sàréè, pé èmi ni mo jẹ́ kí ó kú, òótọ́ ni. N kò ní àwíjàre kankan láti kọ síbí.

3. Ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo há wọn fún Bàbá Wiryo, aládùúgbò wa, tí kò lè gun igi àgbọn mọ́. Àdàbà tó wà nínú àgò níwájú ilé, mo há a fún Ngatmi tó ń din tempe ẹ̀wà sóyà ní ìkóríta. Kí ó má ṣe tà á.

Ìyá rẹ kò fẹ́ràn àdàbà yẹn. Ó ní ó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Nígbàkigbà tí ó bá ń ka káàdì sókè, àdàbà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyá rẹ á dúró, á wò ó, á ní, “Ṣé o ti parí, ọ̀jọ̀gbọ́n?” Láti ìgbà tí ó ti kú, àdàbà náà kì í sábà ké. Mo mọ̀ pé ẹyẹ kì í ṣọ̀fọ̀. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí ni.

4. Irin ìgbẹ́gi mi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òòlù onígi méjì, ayùn mẹ́rin, àti pákó tíìkì tó wà lábẹ́ àtíbàbà, mo há gbogbo wọn fún Jumadi, agbẹ́gi ní òdìkejì odò.

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Jumadi kò fi kí ara wa, nítorí mo ní ó jí ọnà ilẹ̀kùn mi. Kò jí i. Bàbá mi ló kọ́ bàbá tirẹ̀ ní ọnà náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó dùn mí pé ti ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ ni. Kí Olùkọ́ ka gbólóhùn yìí fún un lójú àwọn èèyàn.

5. Kọ́bọ́ọ̀dù tíìkì onídírọ́ọ̀ mẹ́rìnlélógún, àti káàdì ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé tó wà nínú dírọ́ọ̀ mẹ́tàlélógún àkọ́kọ́, mo há a fún Wigati, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Mo ní láti sọ bí ó ṣe dé ilé wa, nítorí ìyá rẹ kì í sọ ìtàn ara rẹ̀. Ìwé kíláàsì karùn-ún ni mo kà dé. Òun ti lọ sí ilé kéwú ní Kudus àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì lè ka ìwé àtijọ́ tí ẹlòmíràn ń fi dí ihò ògiri. Ó dé ìsọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé kí ni mo ń pe ibi tí igi méjì ti wọnú ara wọn. Mo sọ orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ka ohun tó kọ sí mi létí, ó ń wo ojú mi. Ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Mo mi orí. Ó ní, “Ẹ mi orí dáadáa, ẹ má mi ín bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.” Ọ̀sẹ̀ kejì mo bẹ̀rẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà láìsọ fún un. Ìgbà tí mo parí rẹ̀ ni mo tó lọ bá bàbá rẹ̀ fún ìgbéyàwó.

Iṣẹ́ tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ni pé ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ti wá: ti dókítà, ti adájọ́, ti awòràwọ̀, ti onímọ̀ ìṣirò. Ó ń wá ilé tí ọ̀rọ̀ kan kọ́kọ́ gbé, àti ilé tó kó lọ lẹ́yìn náà. Òfin kan ṣoṣo ló ní. Káàdì kò gbọdọ̀ wọ dírọ́ọ̀ títí yóò fi kà á sókè fún ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́, kí ẹni náà sì mi orí. Orúkọ ẹni tó mi orí wà ní ìsàlẹ̀ káàdì kọ̀ọ̀kan. Ó wọ ọkọ̀ dé Jepara láti ka káàdì kámẹ́rà fún ayàwòrán tó wà lẹ́bàá ọjà, pé ọ̀rọ̀ kan náà ni òun àti kamar, ọ̀rọ̀ wa fún yàrá tí à ń sùn sí, pé yàrá tí òkè rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Róòmù àtijọ́. Ayàwòrán náà ní, “Ìyáàfin, ẹ wá sùn sínú tèmi yìí tí ẹ bá lè wọ̀ ọ́.” Ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi kún un pé: ó fi ẹ̀fẹ̀ mi orí.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ, mo ní mo fẹ́ fi kọ́bọ́ọ̀dù náà tọrẹ. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó níbẹ̀ kò burú, ó fún mi ní tíì. Ó ní, “Bàbá, gbogbo èyí ti wà nínú kọ̀ǹpútà.” Mo bi í bóyá orúkọ àwọn tó mi orí náà wà níbẹ̀. Ó ní rárá, pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo mu tíì mi, mo sì wọ ọkọ̀ padà.

Bí ìwọ náà kò bá fẹ́ ẹ, Wigati, n kò ní bínú nínú sàréè. Ẹ̀bẹ̀ kan péré: kí wọ́n má tà á fún àwọn tó ń fi bébà wé ẹ̀pà.

6. Dírọ́ọ̀ kẹrìnlélógún, èyí tó kẹ́yìn, òfìfo ni mo há a fún ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni ìwé yìí wà fún.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò àti ti ìràwọ̀ ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó bá kéwú wọlé. Káàdì mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni, pẹ̀lú àwọn tí ìyá rẹ kò tíì kà fún ẹnikẹ́ni, tí mo kó sínú rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ojú káàdì kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ fi tàdáwà dúdú kọ ọ̀rọ̀ náà ní kéwú, gàdàgbà. Àlàyé rẹ̀ wà lẹ́yìn, ní lẹ́tà kéékèèké. Ní ọjọ́ keje tí a ṣe àdúà, ìwọ lọ sí ibùdókọ̀ láti pàdé àwọn ìbátan ìyá rẹ tó ti Kudus dé. Nínú ilé, wọ́n ń di ìrẹsì àti adìẹ sínú páálí fún àwọn tó wá ṣàdúà láti gbé lọ sílé. O mọ̀ pé àwọn tó lágbára máa ń tẹ ìwé Yáàsín kékeré, tí wọ́n á fi sínú páálí pẹ̀lú orúkọ òkú. Àwa kò tẹ ọ̀kan.

Sarinten wọ yàrá iṣẹ́ láti wá ṣíbí. Dírọ́ọ̀ náà wà lórí tábìlì, ní ṣíṣí. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ kéwú bí ó bá rí i. Ó figbe ta, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín: “Ẹ wá wò ó o! Obìnrin yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdúà fún wa sílẹ̀! Ó mọ̀ pé òun ń lọ!” Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé dírọ́ọ̀ náà sọ́wọ́, ó kọjú sí mi, ó ní, “Karso, ṣé ká máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú páálí?”

Mo mi orí.

Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo gé káàdì náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo dírọ́ọ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo rí, mo rí orí tó wà lórí tábìlì, mo sì fẹ́ kí ó kúrò nílé mi. Kò sí ohun mìíràn lọ́kàn mi. Mo mi orí dáadáa, kì í ṣe bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Nígbà tí o wọlé, tí o rí dírọ́ọ̀ lófìfo, o pariwo mọ́ Sarinten pé, “Ẹ̀yin aláìmọ̀wé yìí! Ohun tí ìyá mi kú lé lórí lẹ kó bá ìrẹsì lọ!” Ojú mi ni Sarinten ń wò. O yíjú sí mi, o ní, “Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Ìyá mi kú nítorí dírọ́ọ̀ kan, ẹ ò lè ṣọ́ ọ fún ọjọ́ méje?” Mo ní n kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Sarinten ṣì ń wò mí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Èmi ni, ọmọ mi. Má bínú. Mi ò mọ̀wé.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì o lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Sarinten ń gbé ìrẹsì wá fún mi ní àràárọ̀. Kò mẹ́nu bà á rí. Ní mọ́ṣáláṣí wọ́n ń pè é ní “Ìyá oníkáàdì”, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nínú dírọ́ọ̀ kẹsàn-án, ti àwọn adájọ́, káàdì kan wà lórí saksi, ọ̀rọ̀ wa fún ẹlẹ́rìí. Ìyá rẹ kọ ọ́ pé láti èdè Íńdíà àtijọ́ ló ti wá, pé ojú ló wà nínú rẹ̀: ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Akọ̀wé kóòtù kan ló mi orí sí i. Sarinten ni ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ni kí ó tẹ̀ka sí ìwé yìí.

7. Gbèsè tí mo jẹ. N kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Káàdì ni mo jẹ.

Ọjọ́ kẹta tí o lọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé. Mo rí mọ́kànlélógójì gbà padà, òróró adìẹ wà lára wọn. Àwọn yòókù kò fún mi. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ilẹ̀kùn, ojú kéwú síta. Mo sọ fún Ngatmi pé kì í ṣe àdúà, pé òfo ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣirò fi ń pe ohun tí kò sí. Ó ní, “Òfo kẹ̀? Bàbá Wigati, ẹ fi àdúà mi sílẹ̀ o! Láti ìgbà tí mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, olè ò wọlé mi.” Mo ní kí ni olè fẹ́ wá mú nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fi ṣíbí ìdintempe lé mi jáde.

Bàbá Wiryo so tirẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tó dá nígbà tó já bọ́ lórí igi àgbọn. Mo yí i padà, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún un. Áljẹ́brà ni. Ìyá rẹ kọ ọ́ pé kí àwọn oníṣirò tó gbà á, wọ́n ń lò ó fún títo eegun tó ṣẹ́, láti mú ohun tó já padà sí ipò rẹ̀. Bàbá Wiryo sunkún. Ó ní, “Ṣé o rí i? Màmá Wigati mọ̀ mí!” N kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Eegun náà kò tò. Títí di òní ó ń fi igi rìn.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n. Mo máa ń gbé àpótí lọ, mo máa ń dúró lé e lórí, mo máa ń wo kéwú náà bí mo ṣe ń wo ọnà ilẹ̀kùn, ibi tó tẹ̀, ibi tó fẹ̀, mo sì ń yà á sórí káàdì tuntun. N kò mọ ohun tí mò ń yà. Tí mo bá parí, mo máa ń tọrọ àyè láti yí tiwọn padà kí n lè kọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà tèmi kò dára bíi ti ìyá rẹ. Mo ti kọ méjìdínlọ́gọ́rin, mo kó wọn sínú páálí kan fún ọ pẹ̀lú mọ́kànlélógójì yẹn. Mẹ́tàlélógún ti lọ pátápátá: omíyalé gbé àwọn kan, iná jó ọ̀kan, wọ́n sì sin ọ̀kan mọ́ ìyá Ìmáàmù láàárín ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lára wọn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé mọ́. Kò sí ẹni tí ìyá rẹ tíì ka ọ̀pọ̀ nínú wọn fún, kò sì sí ẹni tó mi orí sí wọn.

Ó ku mọ́kànlélógún.

8. Ní ọjọ́ kẹwàá sí òní, ẹgbẹ̀rún ọjọ́ á pé, a ó sì fi òkúta sórí sàréè ìyá rẹ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Kí a má kọ nǹkan mìíràn sí i ju Maslikah lọ. Bí mo bá kú, kí wọ́n sin mí sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o wá, Wigati. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Ṣùgbọ́n Sarinten kò ṣe ohunkóhun sí ọ. Kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Mo fọwọ́ sí i ní Sumberjati, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, ọdún 1997.

Karsono Martodiwiryo

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Suwarjo, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

Kasmuri, akọ̀wé abúlé.

Sarinten, ìka àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Èmi Suwarjo ni mo ka ìwé yìí sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí n tún ẹ̀ka kẹfà kà, mo sì tún un kà.

Wigati, àyè díẹ̀ kù lábẹ́ ìwé yìí. Nígbà tí Olùkọ́ kà á tán lẹ́ẹ̀kejì, Sarinten nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó ní, “Karso, ó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu ẹ. Mú tàdáwà yẹn wá, ìrẹsì mi wà lórí iná.” Ó tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà ó mi orí, kì í ṣe sí mi, sí ìwé náà.

Káàdì tó kàn wà nílé Kasmuri, lókè ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀, mo máa gbé àpótí mi lọ síbẹ̀, mo máa kọ ọ́.